Ta Ni Yóò Sin Ìyá Dúrójaiyé?

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣíwọ́ iṣẹ́, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri díẹ̀. Ìtàn kan wà lọ́wọ́ mi, kò gùn, ṣùgbọ́n ó wúwo. N kò ṣèlérí ẹ̀rín fún yín. Ohun tí mo lè ṣèlérí ni pé bí ìyá yín bá ṣì wà láyé, ẹ ó pè é lórí fóònù kí ilẹ̀ tó ṣú. Ilo-Awela ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, ní Ṣàngó-Ọ̀tà, kò sì tíì pẹ́.

"Jẹ́ kó tún un sọ," ni Bàbá Ṣótúndé wí.

Ọláníkẹ́ tún fọwọ́ kan fóònù náà. Ohùn ìyá arúgbó jáde nínú rẹ̀, ó ń dún gbọ̀ọ̀rọ̀ bíi ti ẹni tó gbé fóònù sún mọ́ ẹnu jù:

"Dúró, ọmọ mi. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí o wí lánàá. Kò sóhun tó ń ṣe mí. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo fẹ́ bi ọ́. Ṣé ìwọ lo máa sin mí? Dá mi lóhùn, kí ọkàn mi balẹ̀."

Fóònù dákẹ́. Àwọn mẹ́ta tó wà nínú yàrá náà, Ọláníkẹ́, Bàbá Ṣótúndé àti Ayọ̀kúnnúmi, tẹjú mọ́ ọn.

Dúrójaiyé tí ìyá ń bi léèrè ti lo oṣù mẹ́rin nínú ilẹ̀.

Ọkọ Ọláníkẹ́ ni, òun sì ni bàbá Tamílọ́rẹ, ọmọ wọn. Òun ló ń darí ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ kan ní Àgbárá. Ní ọjọ́ Wẹ́sidé kan, ó wọ ọkọ̀ òṣìṣẹ́ ní ìdájí bó ṣe máa ń ṣe, ó ṣubú lulẹ̀ nídìí ẹ̀rọ kí ọ̀sán tó pọ́n, kò sì dìde mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni dókítà pè é. Ọmọ ọdún méjìlélógójì. Ìyá rẹ̀, Hàlímọ̀tù, ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ẹsẹ̀ kò sì jẹ́ kó jáde mọ́ nínú ilé tó ń gbé ní ìgboro Ọ̀tà. Ọmọ mẹ́ta ló sin kó tó bí ọmọkùnrin yìí, ìdí nìyẹn tó fi sọ ọ́ ní Dúrójaiyé. Dúró náà sì dúró. Ṣùgbọ́n ìdúró rẹ̀ kò tó.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í sáré túfọ̀ ọmọ fún ìyá tó ti darúgbó. Bàbá Ṣótúndé, àbúrò bàbá Dúró, pe ẹbí jọ, ó na ìka sókè. "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru tó pa ọmọ wà lára ìyá náà. Òkú méjì kò ní jáde nílé wa lẹ́ẹ̀kan." Wọ́n sọ fún ìyá pé ilé iṣẹ́ ti rán Dúró lọ sí Ṣáínà láti lọ kọ́ ẹ̀rọ tuntun.

Ṣùgbọ́n ohùn Dúró ti di oúnjẹ àárọ̀ fún ìyá náà. Ojoojúmọ́, láti inú ọkọ̀ òṣìṣẹ́, ni Dúró máa ń gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí Wasáàpù, tí yóò fi í ránṣẹ́ sí i. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì kọjá láìsí ohùn, ìyá kọ oúnjẹ. Àyà ẹbí já. Ìgbà náà ni Ayọ̀kúnnúmi, ọ̀rẹ́ Dúró tó ń bá ṣọ́ọ̀ṣì wọn ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, gbé ọgbọ́n kan dé. Ó ní kí Ọláníkẹ́ kó gbogbo ohùn tí Dúró ti fi ránṣẹ́ wá, ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Ó ní òun yóò fi wọ́n kọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní AI, ohunkóhun tí Ọláníkẹ́ bá sì tẹ̀ sí i, ẹ̀rọ náà yóò fi ohùn Dúró sọ ọ́.

"Ṣé kò ní di èèwọ̀ báyìí?" ni Ọláníkẹ́ béèrè.

"Wọ́n ń jiyàn rẹ̀ káàkiri ayé, Ìyá Tamílọ́rẹ. Àwọn olórin ń pariwo pé wọ́n ń jí ohùn àwọn. Ṣùgbọ́n ta la jí tiẹ̀ níbí? Ọkọ yín ni."

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di pé láràárọ̀, kí Ọláníkẹ́ tó lọ síbi iṣẹ́ akọ̀wé tó ń ṣe ní yunifásítì kan ní Ọ̀tà, yóò jókòó, yóò tẹ ọ̀rọ̀, òkú yóò sì sọ ọ́. *Màmá, ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹ sùn dáadáa? Ẹ má gbàgbé oògùn yín.* Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun padà. Gbogbo ẹbí dúpẹ́. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé ní àárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí Ọláníkẹ́ ti fi ti ìyá ránṣẹ́ tán, ó tẹ orúkọ ara rẹ̀ nìkan, kò fi nǹkan kan kún un. Ohùn ọkọ rẹ̀ jáde: "Ọláníkẹ́."

A kì í jẹ́ ìpè òkú. Ọláníkẹ́ jẹ́ ẹ.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú yàrá náà ní Ilo-Awela.

"Kí ló ṣòro níbẹ̀?" ni Bàbá Ṣótúndé wí. "Tẹ̀ ẹ́ pé, 'Èmi ni màá sin yín, Màmá.' Ó parí."

"Bàbá, òkú ni kó ṣèlérí ìsìnkú?"

"Ṣé òkú kọ́ ló ń kí i káàárọ̀ láti ọjọ́ yìí? Ìyàwó, ẹni tí òjò ti pa kì í sá fún ìrì."

Ayọ̀kúnnúmi gbójú sókè lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Ìyá Tamílọ́rẹ, bí ó bá ń ni yín lára láti tẹ̀ ẹ́, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde báyìí ti ju èyí tí a fi bẹ̀rẹ̀ lọ. Ó lè gbọ́ ohun tí Màmá wí, kó dá wọn lóhùn fúnra rẹ̀. Wọ́n á pè é, á gbé e, wọ́n á jọ máa tàkúrọ̀sọ. Ẹ lè wà níbi iṣẹ́ yín. Kò ní rẹ̀ ẹ́."

"O ò gbọ́?" Bàbá Ṣótúndé pàtẹ́wọ́. "Kò ní rẹ̀ ẹ́! Ọmọ wo ló tún dára jùyẹn lọ? Àwọn tèmi mẹ́fà, bí mo bá pè wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀rọ̀ á ti rẹ̀ wọ́n."

Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín. Ayọ̀kúnnúmi tẹ bọ́tìnnì kan, ó fi ìbéèrè ìyá lọ ẹ̀rọ náà. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì tí ohùn Dúró fi kún inú yàrá, ó tutù, ó dùn, ó já gaara:

"Èmi ni màá sin yín, Màmá mi. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ ó pẹ́ fún wa."

Ọláníkẹ́ sún sẹ́yìn kúrò nídìí kọ̀ǹpútà. Dúró tí òun fẹ́, bí ìyá rẹ̀ bá dárúkọ ikú báyìí, kíá ni yóò dá ọ̀rọ̀ náà rú, yóò ní kí wọ́n jọ̀wọ́ kí wọ́n jẹ́ kí òun gbádùn. Èyí kò tilẹ̀ lọ́ra.

"Má fi ránṣẹ́," ni ó wí.

"Ìyàwó!"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Irọ́ tí mo ti pa, mo ti pa á. Èyí kì í ṣe irọ́. Ìbúra ni."

"Bí ìyá náà bá wá kú sí ọ lọ́wọ́ ńkọ́?"

Ọláníkẹ́ dìde. Ó mú gèlè rẹ̀, ó wé e bákan ṣáá, ó sì jáde. Kẹ̀kẹ́ gbé e dé abẹ́ afárá Ṣàngó, ó wọ ọkọ̀ Ọ̀tà. Èrò tó jókòó tì í ń bá a sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi dé, kò gbọ́ ẹyọ kan. Ọ̀rọ̀ Bàbá Ṣótúndé ló ń gbọ́.

Orí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló bá Ìyá Hàlímọ̀tù, fóònù wà lórí itan rẹ̀. Ọláníkẹ́ kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, Màmá."

"Ìyàwó mi, káàbọ̀." Ìyá wò ó fún ìgbà pípẹ́. "Ìwọ lo wá. Ẹ̀rù ń bà mí pé ohùn yẹn ni yóò tún wá."

"Màmá, Dúró ní kí n..."

"Dúró kò ní kí o ṣe nǹkan kan. Jókòó."

Ọláníkẹ́ jókòó.

"Dúró tí mo bí," ni ìyá wí, "bó bá wà nínú ọkọ̀, á máa jágbe mọ́ mi pé mo tún ti da iyọ̀ sínú ọbẹ̀. Á gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ. Á bá ẹni tó jókòó tì í ṣàwàdà, á sì gbàgbé pé èmi lòun ń bá sọ̀rọ̀. Kò bi mí rí láyé rẹ̀ pé, 'Màmá, ṣé orúnkún yín ṣì ń dùn yín?' Ta ló ń bi mí bẹ́ẹ̀? Ìwọ ni. Láti ọjọ́ tí o ti dé ilé wa ni o ti ń bi mí. Ohùn Dúró ni mò ń gbọ́, Ọláníkẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ ló wà nínú rẹ̀."

"Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Kí ohùn yẹn tó dé rárá. Gbogbo àdúgbò ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi jẹ́jẹ́. Fọláwẹwọ́ òdìkejì yìí, tó ń bá mi jà lórí ibi tí omi ìdọ̀tí ń gbà, ó wá bá mi gbálẹ̀! Ọ̀tá ẹni kì í déédéé gbálẹ̀ fún ni."

Ẹ̀rín fẹ́ pa àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n kò lè jáde.

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ, Màmá?"

"Mo fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. Àgbà ni mí, ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbọ́ ọ. Nígbà tó yá, mo rí i pé ìwọ náà ń ti ibẹ̀ gbọ́ ọ. Mo ní bí mo bá já okùn náà, á tún kú fún ọ lẹ́ẹ̀kejì."

Ọláníkẹ́ dorí kodò. Ó rò pé òun ló ń dáàbò bo ìyá.

"Ó ti wá rẹ̀ mí," ni ìyá wí. "Oṣù mẹ́rin ni mo fi gbé ẹkún sẹ́nu bí omi gbígbóná. N kò lè gbé e mì, n kò lè tu ú. Ọlọ́run gba ọmọ mi, mo gbà fún Un. Ẹ̀yin wá gba ẹkún rẹ̀. Mo mọ̀ pé o lè purọ́ Ṣáínà, mo mọ̀ pé o lè purọ́ oògùn. Mo ní bí mo bá bi ọ́ léèrè ìsìnkú, apá rẹ kò ní ká a, wàá wá fúnra rẹ. Kí làwọn àgbà wí? Wọ́n ní ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mi kú. Ẹ má sọ ọ́ nù mọ́ mi lọ́wọ́."

Ìyá gbé fóònù kúrò lórí itan rẹ̀.

"Ó yá, sọ fún mi."

"Màmá, ẹ ti mọ̀ ọ́n."

"Mo mọ̀ ọ́n, ẹnikẹ́ni kò tíì sọ ọ́ fún mi. Ọ̀tọ̀ lèyí, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ìyá kì í fi ẹnu ara rẹ̀ pe ọmọ rẹ̀ ní òkú."

Ọláníkẹ́ dìde lórí ìjókòó, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún méjèèjì.

"Màmá, ẹ foríjì wá. Dúrójaiyé ti kú. Ọjọ́ Wẹ́sidé ni, nídìí ẹ̀rọ, ní Àgbárá. Wọ́n ní kò pẹ́ nínú ìrora. Èmi kò sí níbẹ̀."

Ìyá mi orí. "Ìnnà lílàhì," ni ó wí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó ṣí gèlè kúrò lórí. Ó pe orúkọ ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni ń pe ọmọ tó ń ṣeré níta pé kó wọlé wá jẹun. Lẹ́yìn náà ni ẹkún tó ti ń dúró dè é láti oṣù mẹ́rin já. Àwọn aládùúgbò yọjú. Fọláwẹwọ́ sáré wọlé, ó rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, kò béèrè nǹkan kan, ó kàn lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀ díẹ̀, Ọláníkẹ́ pe Ayọ̀kúnnúmi.

"Pa á rẹ́."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Èyí tí Dúró fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, fi sílẹ̀. Èyí tí mo fi sí i lẹ́nu, pa á rẹ́."

Ayọ̀kúnnúmi ní, "Bàbá Ṣótúndé wà lọ́dọ̀ mi. Wọ́n ń béèrè bí Màmá ṣe wà."

"Sọ fún wọn pé Màmá ń sunkún. Kí Bàbá má wá bẹ Màmá pé kí wọ́n dákẹ́."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ìyá ti ń nu ojú.

"Apá ibo lẹ sin ín sí?"

"Màmá, òbí kì í..."

"Mo mọ̀. Òbí kì í dé ojú oórì ọmọ. N kò ní kí o gbé mi lọ. Apá ibo ni mo bi ọ́."

Ọláníkẹ́ nawọ́ sí apá ọ̀nà Ilo-Awela, gba ojú fèrèsé ẹ̀yìn. Ìyá wo ọwọ́ náà dáadáa. Lẹ́yìn náà ó di ògiri mú, ó ń gbìyànjú láti dìde. Ọláníkẹ́ gbé e lábíyá, ó fi ẹsẹ̀ yí ẹní náà sí apá ibẹ̀, ó rọra gbé e jókòó. Òun náà jókòó tì í. Àwọn méjèèjì kọjú síbẹ̀.

Fọláwẹwọ́ tó ń ta ọṣẹ ní òdìkejì ọ̀nà, ojú rẹ̀ ló ṣe, Ọláníkẹ́ ló sọ ìyókù fún un, òun ló sì sọ ọ́ fún mi bí mo ṣe ń ra ọṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tó bá a dé ni mo bá a dé.