Nígbà Tí Ìkòkò Dákẹ́

Ṣìì. Ohùn sítóòfù ìyá rẹ̀ nìyẹn, kò sì kúrò létí Bàbá Aránṣọ láti kékeré. Sítóòfù náà a máa kùn lábẹ́ ìkòkò bí orogún tí inú ń bí. Lọ́jọ́ kan ó dákẹ́ lójijì. Ìyá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò ó, iná sì bú jáde. Apá ìyá kò ṣeé nà tán mọ́ títí tó fi kú.

Ó ti pẹ́ tí Bàbá Aránṣọ ti kúrò nílé wá sí òkè òkun. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ tó ń wa bọ́ọ̀sì ló ń gbé báyìí. Ọwọ́ bàbá ti ń gbọ̀n, ọmọ sì ti kìlọ̀: "Bàbá mi, ẹ má bínú o. Ọjọ́ tí ẹ bá tún tan gáàsì yìí nígbà tí n ò sí nílé, ilé àwọn arúgbó ni mo máa mú yín lọ."

Ṣùgbọ́n ìyàwó ọmọ náà lóyún. Ọmọ Íńdíà ni, kò fẹnu kan ẹran rí, gbogbo ohun tó bá jẹ ló ń bì. Ẹ̀wà wẹ́wẹ́ pupa tí olóògbé ìyá rẹ̀ máa ń sè nìkan ni ọ̀fun rẹ̀ ń bèèrè. Bàbá wá rí obìnrin kan tó ń sè é lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó jókòó tì í, ó ń fojú kọ́ṣẹ́ bó ṣe fojú kọ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Ó pa ohùn tẹlifíṣọ̀n náà pátápátá kí aboyún lè sùn.

Lọ́sàn-án yìí, ó tan gáàsì. Ó da ẹ̀wà sínú ìkòkò onídèérí líle, èyí tó ń sé ooru mọ́nú tó sì ń súfèé, ó fi ata ilẹ̀ pupa àti iyọ̀ sí i, ó bu omi kún un dé ọrùn. Obìnrin orí tẹlifíṣọ̀n ti kìlọ̀ pé kó má kọjá ìdajì, kí ìfófòó má baà dí ihò tí ooru ń gbà jáde. Ẹnu ló fi sọ ọ́, kò fi ọwọ́ júwe rẹ̀.

Ìkòkò súfèé lẹ́ẹ̀kan, inú bàbá dùn. Ó tún súfèé, ó wúkọ́ bí ẹni tí ata pá lórí, ó dákẹ́.

Bàbá pa gáàsì, ṣùgbọ́n ìkòkò ṣì ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀ bí ọwọ́ òun náà. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó rántí apá ìyá rẹ̀. Ó jí aboyún, ó fà á jáde sórí àtẹ̀gùn iwájú ilé, ó ti ilẹ̀kùn. Ó bi í bóyá ìyá rẹ̀ kọ́ ọ ní ohun tí wọ́n ń ṣe sí ìkòkò tó bá yadi.

"Bàbá, jíjẹ ni mo mọ̀, n ò mọ sísè." Ó di ikùn rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà ló fa imú. "Òórùn ilé wa nìyẹn. Ẹ má sọ fún ọkọ mi. Tó bá tutù, màá ní èmi ni mo sè é."

Bàbá fetí sí ilẹ̀kùn. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó wo ojú oòrùn: ọmọ rẹ̀ ti ń bọ̀, ẹ̀yìnkùlé ló sì máa ń gbà wọlé, tààrà sí ilé ìdáná. Ẹni tí ebi ń pa, tó bá rí ìkòkò, ṣebí yóò bẹ̀rẹ̀ ṣí i ni. Kì í sì í gbé fóònù tó bá ń wakọ̀. Ìgbà tó bá dúró ló ń ka ohun tí wọ́n kọ sí i.

Bàbá kọ ọ̀rọ̀ sórí fóònù, ó pa á rẹ́, ó rí yàrá rẹ̀ nínú ilé yìí lọ́kàn, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó tún un kọ, ó sì fi ránṣẹ́:

"Ọmọ mi, má gba ẹ̀yìn wọlé. Má ṣí ìkòkò. Èmi ni mo dáná."