Àṣìṣe tí Mo Kọ sí Orúkọ Eliseo

Ojú ewé mẹ́rin ni Wessel ní kí n fi kọ ìtàn ẹgbẹ́ náà, láti ọdún 1911 títí di ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ tí a ó gbá eré ìkẹyìn kí ẹgbẹ́ náà tó kógbá sílé. Òun ni alákòóso Òwìwí, ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù ìlú wa, Tilden Creek ní Iowa. Ó gbé àpótí ìwé àtijọ́ ka orí tábìlì ìdáná mi, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Nelda, ẹ̀yin ló kàn. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lẹ fi jókòó sókè yẹn tí ẹ̀ ń dá wa lẹ́jọ́. Ẹ má wulẹ̀ ka iye ìgbà tí wọ́n nà wá o, ojú ewé mẹ́rin ò ní gbà á."

"Kí ni kí n wá kọ?"

"Ẹ kọ ti Cody. Òun nìkan la rí fi yangàn."

Mo kọ nípa àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ bọ́tìnnì tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, tí wọ́n fi ìkarahun inú odò ṣe bọ́tìnnì sára aṣọ eré wọn. Mo kọ nípa iná tó jó ibi ìjókòó èrò, àti ọdún tí odò kún wọ pápá tí àwọn èèyàn ń fi ọkọ̀ ojú omi kọjá níbi tí a ti ń ju bọ́ọ̀lù. Ó dùn mọ́ mi débi pé kọfí mi tutù. Nígbà tí mo dé ọdún 1998, ọwọ́ mi dúró.

Èmi ni akọ̀wé eré, nínú yàrá kékeré tó wà lókè ibi ìjókòó èrò. Bí ẹni tó di igi mú bá gbá bọ́ọ̀lù, tó sì sá dé ibùdó àkọ́kọ́, èmi ni mo ń sọ bóyá ó gbá a dáadáa ni, tàbí ẹni tó yẹ kó mú un ló ṣe àṣìṣe. Ohun tí mo bá kọ ni yóò wà nínú ìwé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Kẹjọ, Cody Haverkamp ló ń ju bọ́ọ̀lù fún wa. Ọmọ ìlú wa ni. Èmi àti ìyá rẹ̀ jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Eré ti wọ ìpele kẹjọ nínú mẹ́sàn-án, ẹnì kankan nínú ẹgbẹ́ àlejò kò sì tíì gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ dáadáa. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí ní ìlú wa. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ jáde lẹ́nu, torí a gbà pé ẹni tó bá dárúkọ rẹ̀ ló bà á jẹ́. Ni àlejò kan bá gbá bọ́ọ̀lù kan nílẹ̀ bí ehoro tó ń sá, ó kọlu etí koríko lẹ́bàá Eliseo, ọ̀kan nínú àwọn tó ń mú bọ́ọ̀lù fún wa, ó ta sókè, ó gba èjìká rẹ̀ kọjá.

Kò sí ẹni tó lè mú un. Mo rí i. Gbogbo ojú yí sókè sí fèrèsé mi. Mo kọ ọ́ pé Eliseo ṣe àṣìṣe, ìlú sì hó yèè. Cody parí eré náà láìsí ẹni tí ìwé sọ pé ó gbá a dáadáa.

Ilé mi ni Eliseo ń gbé. Bí a ṣe ń ṣe nìyẹn: àwa ará ìlú là ń gba àwọn agbábọ́ọ̀lù sílé títí eré ọdún yóò fi parí. Kò yẹ kí akọ̀wé gbà wọ́n, ṣùgbọ́n ìlú kékeré ni wá. Ọmọ ogún ọdún ni, láti orílẹ̀-èdè Dominican. Kì í jáde láìtẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

"Màmá, bọ́ọ̀lù yẹn," ó ní nígbà tí à ń jẹun ìrọ̀lẹ́. "Àbí mo pẹ́ kí n tó gbéra ni?"

Òfin fún akọ̀wé ní wákàtí mẹ́rìnlélógún láti yí ohun tó kọ padà. Wákàtí mẹ́ta péré ló ti lọ. Fóònù wà lára ògiri lẹ́yìn orí rẹ̀.

"Bóyá o pẹ́ díẹ̀," mo ní. "Jẹ ẹran rẹ."

"Ẹ̀yin lẹ wà lókè. Ẹ̀yin lẹ rí i."

"Bu ọ̀dùnkún sí i."

Ó bù ú.

Lọ́jọ́ kejì, mo ń fi áyọ́ọ̀nù lọ kọ́tìnnì ilé, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, títí aago mẹ́rin tí wákàtí mẹ́rìnlélógún náà pé fi kọjá. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ ńlá tó ni wá ní kí Eliseo máa lọ. Mi ò mọ̀ bóyá torí ohun tí mo kọ ni. Mo ti fi àìmọ̀ yẹn tu ara mi nínú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì kó tó lọ.

Gbogbo Kérésìmesì ló ń fi káàdì ránṣẹ́, nọ́ńbà rẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ yìí, mo pè é.

"Màmá! Mo rò pé ọ̀dùnkún yín yẹn ti pa yín."

"Kò tíì pa mí." Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mi ò sinmi.

Mo ń gbọ́ ariwo àwọn ọmọ tí ó ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù lẹ́yìn rẹ̀.

"Bọ́ọ̀lù yẹn ni mo fi ń kọ́ wọn," ó ní. "Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Màá gbéra bí mo ṣe gbéra lọ́jọ́ yẹn, màá ní kí wọ́n wo ẹsẹ̀ mi, kí wọ́n wo ibi tí mo ti ṣì í."

"Eliseo, o ò ṣì í."

"Mo wá a títí. Mo sì rí i. Mo rí ibi tí mo ti ṣì í."

Ó bi mí bóyá màá kọ ọ́ síta. Mo ní màá kọ ọ́. Ó ní àwọn ọmọ ń dúró de òun, ó dàbọ̀. Kò pè mí ní Màmá.

Wessel ka ìtàn tí mo kọ, tòun ti àṣìṣe mi nínú rẹ̀, lórí ìdúró lẹ́nu ọ̀nà mi.

"Ẹ ṣáà mọ̀ pé Cody ló máa ju bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí a ó fi ṣí eré lọ́jọ́ Àìkú? Tòun ti àwọn ọmọ ẹ̀?"

"Mo mọ̀."

"Ta ni mo wá fẹ́ ní kó jókòó sókè yẹn báyìí?"

Mo fún un ní kọ́kọ́rọ́ yàrá akọ̀wé. Kò wò mí lójú. Ó ká ojú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ó ní òun ń gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé.