Ohun Tí Màmá Mọ̀ Nílé Alágbàfọ̀

Lẹ́yìn-náà-ńkọ́ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí kò sí ohun tí ẹ lè sọ tí kò ní béèrè pé, “Lẹ́yìn náà ńkọ́?” Iṣẹ́ rẹ̀ náà ni. Kí wọ́n tó ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún ẹnikẹ́ni, òun ni yóò lọ fọ̀rọ̀ wá àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́nu wò, tí yóò kọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ sílẹ̀. Abéèrè kì í ṣìnà, àmọ́ ó lè sú èèyàn.

Nígbà tó dé ilé alágbàfọ̀ kan, ọ̀gá ibẹ̀ kò fọ̀rọ̀ gùn. “Oníbàárà mú aṣọ wá, a fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì. Ó mú tíkẹ́ẹ̀tì padà wá, a kó aṣọ fún un. Ó parí. Tí ètò yín bá ti dé, Màmá tó ń lọ aṣọ, tó sì ń kó o fún oníbàárà, á máa sinmi nílé.”

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Màmá wà lẹ́yìn páálí tí wọ́n fi pín ṣọ́ọ̀bù sí méjì, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, àyà rẹ̀ sì já. Nígbà tí Lẹ́yìn-náà-ńkọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, “Mo ń lọ aṣọ” nìkan ló rí gbà. Ó bá fa àpótí kan, ó jókòó.

Obìnrin kan wọlé láìsí tíkẹ́ẹ̀tì. Màmá wò ó, ó sì fa ẹ̀wù kan yọ fún un.

“Màmá, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé tiwọn ni?”

“Apá òsì ẹ̀wù náà ṣá ju ọ̀tún lọ. Awakọ̀ ni wọ́n. Oòrùn ojú fèrèsé ọkọ̀ ló ń pa á.”

Nígbà tó di ọ̀sán, Ọ̀gá gba ìwé tí Lẹ́yìn-náà-ńkọ́ ń kọ, ó kà á. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá sọnù: ẹ bi Màmá. Bí aṣọ méjì bá jọra: ẹ bi Màmá.

“Ètò kọ̀ǹpútà ni mo ní kí o ṣe àbí oríkì Màmá?”

“Ọ̀gá, nínú ogún èèyàn tó wá lónìí, mẹ́rìnlá ni ò mú tíkẹ́ẹ̀tì. Tí Màmá bá lọ sinmi, ta ló máa mọ ẹni tó ni aṣọ?”

Ọ̀gá lọ bá Màmá. “Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

Màmá gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí aṣọ. “Ọdún kẹtàlá rèé, Ọ̀gá. Ẹ ò bi mí rí.”

Ojú ti Ọ̀gá. Ó ní kí Màmá má bínú, pé kò sí ibi tí Màmá ń lọ. Inú Màmá dùn, àmọ́ kò jẹ́ kó hàn.

“Ìwọ,” ó kọjú sí Lẹ́yìn-náà-ńkọ́, “mú bírò ẹ. Ó ku bí mo ṣe ń dá tàwọn aláṣọ funfun mọ̀.”