Abọ́ Obì Mẹ́ta

Màmá gbé abọ́ obì kẹta jáde, wọ́n gbé e kọjá níwájú Ayọ̀adé, ọmọ wọn ọkùnrin, wọn ò sì ní kó gbà á. Omi inú abọ́ náà dà sí i lẹ́sẹ̀. Wọ́n jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi ọsàn, wọ́n na ẹsẹ̀ òsì tí làkúrègbé ń bá jà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bó obì.

Ọjọ́ Kérésì ni o. Gbogbo ìlú Akaka ń ta sánsán ẹran díndín. Ṣùgbọ́n Kérésì ọdún náà lọ bọ́ sí ọjọ́ Sátidé, Sátidé sì ni Sábáàtì Ayọ̀adé, tó jẹ́ alàgbà nínú ìjọ Adífẹ́ńtì. Bí oòrùn bá ti wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ó di kó tún wọ̀ lọ́jọ́ Sátidé kó tó fọwọ́ kan iṣẹ́. Kì í fọ abọ́, kì í dáná, kì í ṣí ìwé tó fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì. Ẹni tó ṣe kàlẹ́ńdà ọdún náà ò rò ó dáadáa.

Obì kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti là á, wọ́n ti rẹ ẹ́ sómi. Bí kò bá di bíbó kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí, á dúdú, Alájà Hàbíbátù, oníbàárà wọn tó ń bọ̀ wá kó o láti Ṣàgámù láàárọ̀ ọ̀la á sì fi í sílẹ̀ fún wọn. Obì yìí ni Màmá fi ń jẹun láti ìgbà tí Bàbá ti kú. Owólabí, ọmọ àbúrò Bàbá, ló máa ń bá wọn bó o, àmọ́ ó ti bá àwọn àna rẹ̀ ṣọdún lọ sí Ìpara. Hadassah, ìyàwó Ayọ̀adé, ti kó àwọn ọmọ lọ kí àwọn ará ilé kejì. Obìnrin náà gbọ́n.

Ọdún mẹ́fà rèé tí Ayọ̀adé ti wá sílé yìí kẹ́yìn. Sátidé bákan náà ni wọ́n sin Bàbá nígbà náà. Ó bẹ àwọn àgbà ẹbí pé kí wọ́n sún un di ọjọ́ Àìkú, wọ́n kọ̀, lòun náà bá yarí. Ó lóun ò ní kó yẹ̀pẹ̀ lọ́jọ́ Sábáàtì. Bẹ́ẹ̀, òun ni àkọ́bí, ọwọ́ rẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ da yẹ̀pẹ̀ sórí pósí. Wọ́n dúró dè é títí ó fi sú wọn, Owólabí ló dà á. Ìgbà tí oòrùn wọ̀ tí ọ̀gbẹ́ni dé, àga ni wọ́n ń kó. Àwọn obìnrin àdúgbò ń sọ ọ́ létí Màmá pé ẹni ọmọ sin ló bímọ. Láti ọjọ́ náà, Màmá ò bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Oṣù tó kọjá ni wọ́n ránṣẹ́ pé kó kó àwọn ọmọ wá ṣọdún. Ó rò pé ìjà parí nìyẹn. Irọ́ ni. Láti àná tó ti dé, “o káàbọ̀” lásán ló rí gbà.

Ó wo oòrùn, oòrùn ṣì ga. Ó wo ìka Màmá tó ti wú, tí obì ń bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Àánú wọn ṣe é, ojú tì í, ẹ̀rù Ọlọ́run sì tún ń bà á. Ó ti wàásù nípa màlúù inú Bíbélì tó jìn sí kòtò lọ́jọ́ Sábáàtì, bóyá lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Nínú ìwàásù, wọ́n máa ń fa màlúù náà jáde wẹ́rẹ́.

Ó dìde, ó ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ inú omi obì.

Màmá di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Yọ ọwọ́ rẹ. Oòrùn ò tíì wọ̀.”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n bá yín ṣe é. Mo mọ̀ pé mo ṣẹ̀ yín.”

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Màmá wo ojú rẹ̀ láti àná.

“Ta ló pè ọ́ wá ṣiṣẹ́? Ṣé mo rán ọ níṣẹ́ lọ́jọ́ ìsinmi rẹ rí? Lọ́jọ́ tí a sin bàbá rẹ, ọkùnrin pọ̀ nílẹ̀ tó ń kó yẹ̀pẹ̀. Èmi nìkan ni mo dúró létí kòtò yẹn, Ayọ̀adé, tí mi ò rí èjìká ọmọ mi dì mú. Kí o wá dúró tì mí ni mo fẹ́. Ṣé iṣẹ́ ni dídúró?”

Ọdún mẹ́fà ni Ayọ̀adé ti fi ń rojọ́ yẹ̀pẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀, ó ń jàre níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó pè é lẹ́jọ́ yẹ̀pẹ̀.

Màmá fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, ó lọ gbé àpótí kan wá, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tiwọn, ó jókòó títí èjìká rẹ̀ fi kan èjìká wọn. Màmá mú obì mìíràn, wọ́n ń bó o lọ. Wọn ò fara tì í. Wọn ò sì sún kúrò.