Àwo Irin Tí Mo Fi Ọ́ìlì Pa

Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi ránṣọ kí ojú mi tó dá mi dúró. Ohun tí máṣíìnì kọ́ mi ni pé irin tó bá ti ń ké, ọ́ìlì ló ń bèèrè. Mo ti fi ọ́ìlì wo ilẹ̀kùn sàn, mo ti fi wo sísọ́ọ̀sì sàn, mo sì ti fi wo kẹ̀kẹ́ bàbá àwọn ọmọ mi sàn.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin tí à ń jọ gbé, agbẹ̀bí ni. Alùpùpù ló ń gùn lọ sílé àwọn aboyún. Orí òkè ni ilé wa wà. Títì ńlá ló wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wa, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kọjá níbẹ̀ kì í sì í wo ojú ẹnikẹ́ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, "Màmá, bíréèkì ẹ̀yìn ò mú mọ́ o. Díẹ̀ ló kù kí n já sáàárín títì lánàá."

Mo ní kó gbé e lọ bá mẹkáníìkì. Ó ní mẹkáníìkì ti rìnrìn àjò, bẹ́ẹ̀ aboyún kan wà lódìkejì títì tí oṣù rẹ̀ ti pé. Òun gbọ́dọ̀ débẹ̀ lọ́sàn-án yìí. Ó ti ra páàdì bíréèkì tuntun, òun fúnra òun ni yóò pààrọ̀ rẹ̀.

"Ìwọ?"

"Èmi náà ni. Ṣebí ọwọ́ yìí ni mo fi ń gbẹ̀bí?"

Ó gbé alùpùpù dúró lẹ́nu ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tẹ́ ògbólógbòó ìró mi sílẹ̀. Káfíńtà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù òdìkejì kígbe, "Agbẹ̀bí, ṣé alùpùpù ló ń rọbí lónìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni o! Ẹ gbé omi gbígbóná wá!"

Ó fi sípánà tú bóòtì méjì, ó yọ irin kan tó rí bí àtẹ́lẹwọ́ tó di àwo irin ẹ̀gbẹ́ táyà mú. Inú rẹ̀ ló ti yọ páàdì méjì, ó kó wọn sí mi lọ́wọ́. Wọn ò gùn tó ìka mi! Wọ́n sì ti jẹ dé eegun, ohun tó kù lára wọn ò nípọn ju èékánná lọ.

"Ṣé èyí ló ń dá gbogbo irin ràgàjì yìí dúró?"

"Òun ni, Màmá. Àwo tó ń bá táyà yí yẹn ló ń fún pọ̀, bí ìgbà tẹ́ ẹ bá fi ìka méjì mú ọmọ aláìgbọràn létí."

Mo ń yí nǹkan náà wò lọ́wọ́ mi. Ọmọ aráyé gbọ́n o.

Fóònù rẹ̀ dún, ọkọ aboyún yẹn ló ń pè é. Ó wọ yàrá lọ. Mo wo àwo irin náà, ó gbẹ hán-ún hán-ún. Mo rántí bó ṣe máa ń ké tí alùpùpù bá ń sọ̀ kalẹ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Mo mú ọ́ìlì máṣíìnì mi, mo kán an sí àkísà, mo fi pa á níwá lẹ́yìn títí ó fi ń dán bíi dígí.

Ó padà dé. Ó rọra ti ọmọ irin inú irin bí àtẹ́lẹwọ́ yẹn sẹ́yìn, ó ní páàdì tuntun nípọn, ó ń fẹ́ àyè. Ó wá na ọwọ́ sí páàdì.

Inú mi ń dùn. Mo ní, "Mo ti bá ọ fi ọ́ìlì pa àwo yẹn. Kò ní ké mọ́."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú. "Ọ́ìlì? Màmá, ọ́ìlì?"

"Ti máṣíìnì. Ojúlówó ni."

Ó gbé páàdì jìnnà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo rò pé yóò bú mọ́ mi. Ó ní, "Ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ ọ́. Gbígbẹ rẹ̀ ló fi ń mú, Màmá. Tó bá ń yọ̀, màá tẹ bíréèkì títí, abẹ́ akẹ́rù ni màá bá ara mi."

Ìfẹ́ ni mo fi ṣe é, ìfẹ́ yẹn ì bá sì sin ín.

Ó mú sípíríìtì àti òwú láti inú báàgì iṣẹ́ rẹ̀, èyí tó fi ń nu apá kó tó gún èèyàn lábẹ́rẹ́. Ó nu àwo náà, ó yí táyà, ó tún nu ún. Òwú dúdú, òwú dúdú, títí òwú fi jáde ní funfun. Ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ, kó tó fọwọ́ kan páàdì tuntun. Ó tò wọ́n, ó dè é, ó fún un dáadáa. Nígbà tó kọ́kọ́ tẹ bíréèkì, ṣe ló rì bí ẹni tó tẹ ẹrẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́, títí ó fi le.

Ó gùn ún lọ, gùn ún bọ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ó ń dúró, ó ń dúró. Ó wá dé iwájú mi, ó na akoto kejì sí mi.

"Màmá, ẹ gùn ún."

"Èmi kẹ̀?"

"Ẹni tó fi ọ́ìlì pa á ni yóò bá mi dán an wò."

Káfíńtà rẹ́rìn-ín títí, òun náà ló gbé mi lé e. A dorí kọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Títì ń sáré bọ̀ wá bá wa, mo ń gbọ́ ìró akẹ́rù, mo rọ̀ mọ́ ọmọ mi, mo dijú. Ó fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì. Kò yọ̀, kò ké. Gbogbo irin náà pẹ̀lú àwa méjèèjì kàn rọra dáwọ́ ìrìn dúró.

Mo lajú. Akẹ́rù ń kọjá níwájú wa, atẹ́gùn rẹ̀ ń fẹ́ ìró mi.

"Màmá, ẹ sọ̀. Aboyún ń retí mi."

"Mú sùúrù ná," ni mo wí. Ẹsẹ̀ mi ò tíì gbà pé a ti dúró.