Ta Ló Bó Haneefah Láwọ̀?

"Ta ló ní kó o bó ọmọ mi láwọ̀?"

Sàmíát ò kí ẹnikẹ́ni kó tó wọ inú sítúdíò náà. Ìdí ẹja gbígbẹ tó ń tà ní Baga Road ló ti dìde wá, òórùn ẹja ṣì wà lára hìjáàbù rẹ̀. Ó gbé fótò inú férémù lé orí tábìlì gbàà. Adéyanjú, ayàfótò tó ṣe àgùnbánirọ̀ tán ní Maiduguri tí kò padà sílé mọ́, gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà.

"Ẹ káàsán, Ìyá Haneefah. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ fara balẹ̀."

"Kí n fara balẹ̀ kẹ̀? Haba! Wo ibí yìí. Ta nìyí?"

Ká sòótọ́, obìnrin náà ò parọ́. Lọ́jọ́ tí Adéyanjú lọ yà wọ́n nílé wọn ní Jiddari Polo, ọmọ tó fara ti ìyá rẹ̀ dúdú minimini, ara rẹ̀ ń dán. Èyí tó wà nínú férémù yìí pupa bí òyìnbó. Ẹ gbọ́ ná, ṣé irú èyí dáa?

"Ìyá ọkọ mi ń dúró de fótò yìí ní Ìsẹ́yìn," Sàmíát ń pariwo. "Kò tíì fojú kan ọmọ yìí rí. Adúmáadán ló ń pè é lórí fóònù, torí òun gan-an lọmọ náà jọ. Ṣé ọmọ ọlọ́mọ ni kí n wá fi ránṣẹ́ sí i?"

Èyí tó ń dùn ún jù, kò tíì sọ ọ́. Láàárọ̀ yẹn, Haneefah gba férémù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó títí, ó ní, "Mama, wannan ba ni ba ce." Ó ní òun kọ́ nìyẹn. Hausa ló máa ń yá a lẹ́nu. Ó tún wò ó, ó wá fi Yorùbá béèrè wẹ́rẹ́ pé, "Ṣé bó ṣe yẹ kí n rí nìyí?" Ọmọ ọdún mẹ́jọ! Inú bí Sàmíát gan-an.

"Ẹ má bínú, mà. Bí gbogbo àwọn oníbàárà mi ṣe ń fẹ́ ẹ nìyẹn."

"Ṣé èmi ni gbogbo wọn? Orí ẹ dàrú ni? Ta ló bẹ̀ ọ́?"

Adéyanjú náà gbóná wàyí. "Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ lọ́jọ́ yẹn, ta ló tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà, tó ní kí n bá òun tan ojú òun díẹ̀ nínú fótò?"

Sàmíát fa férémù náà sún mọ́ra.

"Mo tan tiyín, mà. Ọmọ wá dà bí ẹni tí kì í ṣe tiyín. Kí ìyá àtọmọ lè bára mu, mo bá tan tiẹ̀ náà."

Sàmíát wo ojú ara rẹ̀ nínú férémù. Ojú yẹn ló kọ́kọ́ wò láàárọ̀, ó sì ti ń rẹ́rìn-ín sí i kí ọmọ tó sọ̀rọ̀. Inú ṣì ń bí i burúkú burúkú, àmọ́ kò rí ẹni tó máa dà á lé lórí mọ́.

"Dá a padà bó ṣe wà."

"Ti Haneefah?"

"Tèmi ni kó o kọ́kọ́ dá padà."

Adéyanjú ṣí fótò náà lórí kọ̀ǹpútà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dín ìmọ́lẹ̀ ojú Sàmíát kù díẹ̀díẹ̀. Sàmíát dúró lẹ́yìn rẹ̀, kò ṣẹ́jú. Ojú inú fótò náà rọra ń dúdú bọ̀. Ayàfótò dúró, ó bojú wẹ̀yìn.

"Ṣé ó tó báyìí, mà?"

"Kò tíì tó," Sàmíát dáhùn. "Mo dúdú jù bẹ́ẹ̀ lọ."