Kọ̀ǹpútà Ló Wí Bẹ́ẹ̀

Bí Rodiat bá gbọ́ orúkọ Gàfárù báyìí, àyà rẹ̀ á já. Ọkùnrin náà ló kọ́ ọ níṣẹ́, ẹnu Rodiat ló sì lé e kúrò ní ọ́fíìsì wọn ní Àjàó Estate.

Kọ̀ǹpútà àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké ni wọ́n ń bójú tó. Ètò kan wà ní ọ́fíìsì tó ń sọ fún wọn bí sọ́fítíwíà kan bá ti di ti àtijọ́. Àràárọ̀ ni ètò yìí ń ké pé ti ilé ìwòsàn kan ní Jakande ti gbó. Gàfárù ní òun ti fi tuntun sí i, kí Rodiat lọ ṣí i wò. Rodiat kò lọ. Nígbà tí ọ̀gá wọn, Àlàájà Olúfọlákẹ́, bi í ta ni kí òun gbà gbọ́, ó ní ẹ̀rọ kì í parọ́. Bí Gàfárù ṣe lọ nìyẹn.

Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Jakande bọ́ sọ́wọ́ Rodiat. Ó fi tuntun síbẹ̀, ètò tún ní ó ti gbó. Àlàájà bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bákan, ẹ̀rù sì bà á gidigidi. Ó sáré lọ sí Jakande, ó ṣí sọ́fítíwíà náà: tuntun ni.

Ìgbà náà ló yé e. Nítorí pé dátà wọ́n, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń gba sọ́fítíwíà tuntun láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọn á wá fi fíláàṣì gbé e kiri. Èyí tí ètò náà bá fúnra rẹ̀ gbé wọlé nìkan ló mọ̀. Èyí tó bá fíláàṣì wọlé, kò mọ̀ ọ́n rárá. Àkọsílẹ̀ ti àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ṣì ń kà. Rodiat pa ìyẹn rẹ́, ariwo dákẹ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò balẹ̀.

Ó jẹ́wọ́ fún Àlàájà. Àlàájà mí kanlẹ̀. Ó ní, “Ẹnu rẹ ni mo fi lé e. Ẹnu rẹ náà ni kó o fi lọ pè é wá.”

Ó bá Gàfárù ní Òṣòdì, níbi tó ti ń tún fóònù ṣe lábẹ́ agboòrùn. Ó kúnlẹ̀, ó ro gbogbo rẹ̀, ó ní ẹ̀rọ ló ṣi òun lọ́nà.

Gàfárù ò gbójú sókè. “Ẹ̀rọ ò mọ̀ mí, Rodiat. Ìwọ mọ̀ mí.”

Ó mú fóònù mìíràn, ó ń tú u.